Ìyá Ìjemọ̀, Ẹni Tó Ń Ṣílẹ̀kùn fún Wa

Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn ń wá bá wa kẹ́dùn ikú Ìyá Ìjemọ̀, orúkọ rere tí mo gbọ́ kò lóǹkà. Ẹnìkan ní abiyamọ tòótọ́ ni wọ́n. Ẹlòmíràn ní òpó ìjọ ni wọ́n. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí jókòó sórí àga wa, ó jẹ mọ́ínmọ́ín wa tán, ó wá ní ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bínú ni wọ́n. Mo wojú Mọ́mì, Mọ́mì náà wojú mi, àwa méjèèjì sáré fọwọ́ bo ẹnu. Kì í bínú kẹ̀? Ìyá tó bí bàbá mi, tí ohùn wọn máa ń gba orí ògiri kọjá sílé kejì? Àfi bí ọkùnrin náà bá ṣìlé wá.

N kò fẹ́ kí irọ́ dídùn bẹ́ẹ̀ bo ìyá mi àgbà mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó lọ bi àwọn àgbà ní Ìjemọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni ìyá tó bá wa gbé ní Aṣérò ní Abẹ́òkúta, ìjà tí wọ́n bá ilẹ̀kùn gáréèjì wa jà, àti ohun tí wọ́n fi ilẹ̀kùn kan náà ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá rántí èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọpẹ́ máa ń ju ẹkún lọ lọ́kàn mi.

Ìjemọ̀ ni wọ́n gbé títí wọ́n fi wá bá wa, ìyẹn la ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ wọn wà ní Láfẹ́nwá, níbi tí wọ́n ti ń ta àgádágodo, kọ́kọ́rọ́, ìṣó àti irin ilẹ̀kùn. Ọlọ́jà mìíràn á bi oníbàárà pé irú èwo ló fẹ́. Ìyá Ìjemọ̀ á kọ́kọ́ bi í pé ta ló fẹ́ tì síta. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ṣì ń lọ sílé ìwé nígbà náà, tí ọkùnrin kan dé tójú rẹ̀ le koko. Ó ní òun fẹ́ àgádágodo ńlá. Wọ́n bi í léèrè bí ìṣe wọn, ó ní àbúrò òun ni, pé kò gbọdọ̀ tẹ ilé bàbá àwọn mọ́ láyé.

“Ó ti tán,” ni Ìyá Ìjemọ̀ wí.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Àgádágodo so rọ̀ lókè orí wọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. “Màmá, àwọn wo wá nìyí?”

“Àwọn tí o rí yẹn, wọn ò fẹ́ lọ.”

Ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi lé oníbàárà lọ nígbà tí ọjà ò tà láti àárọ̀. Wọ́n ń fi aṣọ nu ìdọ̀tí lára kọ́kọ́rọ́ kan, wọn ò tiẹ̀ wò mí.

“Olè ni wọ́n ṣe àgádágodo fún, Àdùkẹ́. Wọn ò ṣe é fún ọmọ ìyá.”

Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè máa lọ sí Láfẹ́nwá mọ́, Dádì wa kó wọn wá sílé. Wọ́n dé pẹ̀lú àpótí aṣọ kan, ìkòkò láfún kan, àti àpótí ìjókòó kékeré tí wọ́n fi ń tajà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yan iṣẹ́ fún ara wọn. Ìkẹjà ni Dádì ti ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n sì máa ń kúrò nílé kí wọ́n lè tètè bọ́ sójú ọ̀nà Èkó. Ilẹ̀kùn gáréèjì wa nígbà náà jẹ́ irin oníméjì tó wúwo. Ìyá Ìjemọ̀ á ti wẹ̀, wọ́n á ti wé gèlè, wọ́n á fa irin náà sọ́tùn-ún àti sósì, yóò sì máa ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Dádì á gbé ọkọ̀ dé ẹnu rẹ̀, wọ́n á sọ gíláàsì sílẹ̀, wọ́n á sì tẹ orí wọn síta. Ìyá Ìjemọ̀ á gbọ́wọ́ lé orí ọmọ wọn tó ti ń hewú.

“Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ jáde ni yóò gbé ọ wọlé. Ohun tí o ń wá lọ, wàá bá a níbẹ̀. Ohun tí kò dáa tó ń wá ọ, kò ní bá ọ nílé.”

Gbogbo wa la máa ń gba àdúrà yìí. Mọ́mì tó ń kọ́ni nílé ìwé gírámà ń gbà á, ẹ̀gbọ́n mi Akínkúnmi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ń gbà á, èmi tí n kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ náà ń gbà á. Bí a bá dé nírọ̀lẹ́, àwọn náà ló ń ṣí i. Tí o bá rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan wọ́ ìkejì bọ̀, á ṣe ọ́ bíi kí o sùn síta.

Ó ń dun Dádì gan-an. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, orúnkún Ìyá Ìjemọ̀ yẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fa irin, wọ́n sì ṣubú síwájú ọkọ̀ ọmọ wọn. Kò sí ibi tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dádì pe ilé kí wọ́n tó dé Ìkẹjà. Kò pẹ́ sígbà náà tí Wàsíù dé ilé wa. Iṣẹ́ Wàsíù ni kó máa ri ilẹ̀kùn tó ń fi iná ṣiṣẹ́ mọ́ ilé. Ó yọ irin méjèèjì kúrò, ó fi èyí tó ń ká lọ sókè síbẹ̀, ó so ẹ̀rọ mọ́ òkè àjà. Dádì pe Ìyá Ìjemọ̀ kí wọ́n wá wò ó. Inú Dádì ń dùn bí ẹni tó ra ọkọ̀ fún ìyá rẹ̀.

Wàsíù wá ń ka ọ̀nà tí a lè fi máa ṣí i. Rìmóòtù wà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀ dání. Bọ́tìnnì wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri nínú ilé. Pátákó onínọ́ńbà wà fún ìta. Wọ́n sì lè so ó mọ́ fóònù, tí èèyàn á fi wà ní Ìkẹjà tí yóò máa ṣílẹ̀kùn ní Abẹ́òkúta. Ìyá Ìjemọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kó tún un kà, ó tún un kà.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Nínú gbogbo wọn, èwo ló mọ àdúrà gbà?”

Wọ́n yí padà, wọ́n wọ yàrá. Ó dùn wọ́n dọ́kàn, kò yẹ kí n fi bò. Dádì rò pé àwọn gba ìyà kúrò lọ́rùn ìyá àwọn. Ojú tí Ìyá Ìjemọ̀ fi wò ó ni pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn, àti pé ẹni tí kò níṣẹ́ nínú ilé, àlejò ni. Mọ́mì ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lọ bá wọn nínú yàrá pẹ̀lú rìmóòtù kan, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní rìmóòtù yòówù kó wà nínú ilé, ti Màmá ni yóò máa ṣílẹ̀kùn ní òwúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tiwa wà fún ìgbà tí Màmá bá ń sinmi ni. Ìyá Ìjemọ̀ gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, wọ́n sì jù ú sínú tòbí.

Ẹni tí kò bá mọ tòbí, aṣọ abẹ́ ìró ni, tó ní àpò níwájú. Inú rẹ̀ ni Ìyá Ìjemọ̀ ń kó ohun gbogbo sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tajà. Bí wọ́n bá ti wá jókòó sórí àpótí wọn báyìí, itan wọn á tẹ rìmóòtù, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Bí wọ́n bá sún díẹ̀, á padé. Bí wọ́n bá kúnlẹ̀ àdúrà, ilẹ̀kùn ń lọ, ilẹ̀kùn ń bọ̀, títí dé àmín. Ewúrẹ́ ilé kejì wọ gáréèjì, ó jẹ ìdajì ìwé ìròyìn Dádì. Wàsíù wá, ó gun àkàbà, ó tú ẹ̀rọ, kò rí nǹkan kan. Ìyá Ìjemọ̀ jókòó tì í, wọ́n ń bá a kẹ́dùn pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti ya wèrè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sún nídìí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Mọ́mì ló fura. Wọ́n ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ná.” Wọ́n dìde, ilẹ̀kùn dúró. Wọ́n jókòó, ilẹ̀kùn gbéra. Wàsíù rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà. Láti ọjọ́ yẹn, okùn ni wọ́n so mọ́ rìmóòtù náà, ọrùn ni wọ́n sì ń gbé e kọ́.

Ti pátákó onínọ́ńbà kò tilẹ̀ pẹ́ rárá. Ìyá Ìjemọ̀ ní ṣé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà nìkan ló lè wọlé ni, àbí ilé wa ti di ilé ìwé. Wàsíù tú u, ó gbé e lọ.

Ti fóònù ló dá ìjà ńlá sílẹ̀. Púlọ́ńbà kan fẹ́ wá tún ẹ̀rọ omi wa ṣe, Dádì sì wà ní ọ́fíìsì. Bó ṣe dé, ó pe Dádì, Dádì tẹ fóònù wọn ní Ìkẹjà, ilẹ̀kùn gbéra. Ìyá Ìjemọ̀ tó jókòó sínú gáréèjì tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà rí ẹsẹ̀ ọkùnrin tí wọn ò mọ̀. Wọ́n tẹ rìmóòtù ọrùn wọn, ilẹ̀kùn wálẹ̀. Púlọ́ńbà tún pe Dádì, Dádì tún ṣí i. Wọ́n tún tì í. Ọkùnrin náà kàn ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró, pẹ̀lú páìpù lórí èjìká. Ìgbà tí Dádì pe fóònù mi tí wọ́n ń bi mí pé ta ló wà nídìí ilẹ̀kùn, Ìyá Ìjemọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi.

“Wálé,” ni wọ́n fi orúkọ pe Dádì, “ibo lo wà?”

“Ọ́fíìsì ni mo wà, Màámi. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn wọlé, omi ló fẹ́ ṣe fún wa.”

“Ó ti kí ọ?”

“Ó ti kí mi, Màámi.”

“Kò tíì kí mi. Ẹni tí kò sí nílé kì í gbàlejò.”

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n wá ṣílẹ̀kùn náà fúnra wọn. Púlọ́ńbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ kú ilé, Màmá.” Wọ́n dá a lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì fún un ní láfún kó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́.

Láfún yẹn náà ní ìjà tirẹ̀. Ìyá Ìjemọ̀ gbà pé láfún tí wọ́n rò lórí gáàsì kì í jinná dénú, Mọ́mì sì gbà pé kò sí ẹni tó ń dáná igi ní Aṣérò mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti gbóná, wọn ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n á sọ di agbọ̀rọ̀sọ. “Sọ fún ìyàwó mi pé ọbẹ̀ náà dùn, àmọ́ èmi ò ní sọ fún un.” Ìyàwó wọn yìí jókòó sórí àga kan náà pẹ̀lú wọn o. Síbẹ̀ nígbà tí ibà dá Mọ́mì dùbúlẹ̀, Ìyá Ìjemọ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ń fi aṣọ tútù nù wọ́n lára, wọ́n ń bá wọn jà pé wọn ò mu ògì tán. Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí wọ́n fi ń bá ẹni tí wọ́n fẹ́ràn tó báyìí jà lójoojúmọ́.

“Ẹni tí mi ò bá fẹ́ràn,” ni wọ́n wí, “ibo ni mo ti fẹ́ ráyè bá a jà?”

Èmi gan-an jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́ tí n kò lè san. Nígbà tí mo ń wá iṣẹ́, ojú ti mi débi pé mo fẹ́ràn kí n máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọn ò gbà. Mo máa ń wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa tí ilẹ̀kùn gáréèjì á ti máa gbéra, wọ́n á sì wà níbẹ̀, lórí àpótí wọn, tí wọ́n ń wò mí bọ̀. Wọn kì í bi mí bóyá wọ́n gbà mí. Wọ́n á ní, “Àdùkẹ́, o kú ìrìn o, kí lo jẹ?” Ọjọ́ kan tí mo bú sẹ́kún níwájú wọn, wọ́n fà mí mọ́ra, mo ń gbóòórùn òrí tí wọ́n fi pa orúnkún.

“Ìwọ kọ́ lo sọnù,” ni wọ́n sọ sí mi létí. “Iṣẹ́ yẹn ló ń wá ọ tí kò tíì mọ ilé.”

Ó mọ ilé nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ Akínkúnmi ni. Dádì ló bá a wá iṣẹ́ báǹkì náà, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa rí i pẹ̀lú táì lọ́rùn. Akin ò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó kàn ń fara dà á ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún wa nídìí oúnjẹ pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ti gba ilẹ̀ ní Wásinmi, òun fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́. Dádì rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ló fi sílẹ̀, ó ní ó ti tó oṣù kan. Ohun tó bí Dádì nínú jù nìyẹn, pé oṣù kan gbáko ni ọmọ àwọn fi ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì jáde láràárọ̀, tó ń gba àdúrà, tí wọn ò sì mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Dádì ní kò sí ọmọ tí yóò sọ òun di ẹlẹ́yà lójú ọ̀rẹ́ òun. Akin ní òun kì í ṣe ọmọdé. Dádì ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó lọ máa ṣe àgbà níbòmíràn. Akin kó ẹrù, ó lọ sí Wásinmi.

Ìgbà tí Ìyá Ìjemọ̀ gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, Dádì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má dá sí i. Dádì pe Wàsíù sórí fóònù níwájú gbogbo wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ó yọ rìmóòtù Akínkúnmi kúrò lára ẹ̀rọ, kí ó má lè ṣílẹ̀kùn àwọn mọ́.

“Irú ẹ̀rọ tiyín yìí ò ṣe é yọ ẹnìkan o, Dádì,” ni Wàsíù dáhùn. “Tí mo bá pa á rẹ́, gbogbo rìmóòtù pátá ló máa gbàgbé. Màá wá tún fi wọ́n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá wá ní Sátidé, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wà nílé.”

Mo wo Ìyá Ìjemọ̀. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ yí rìmóòtù ọrùn wọn, èyí tó bà mí lẹ́rù ju ariwo wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n fi ọkọ̀ gbé àwọn lọ sí Wásinmi.

Akin ti rù, ó ti dúdú, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó mú wa yí oko rẹ̀ ká. Ìyá Ìjemọ̀ fọwọ́ kan ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní kí ó máa fi nǹkan sí ẹsẹ̀ nítorí ejò. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú yàrá rẹ̀, wọ́n mu omi tán.

“Rìmóòtù rẹ dà?”

Ojú Akin yí padà. “Dádì ló ní kí ẹ wá gbà á?”

“Mo ní kí o mú un wá. Mi ò ní kí o bi mí ní ìbéèrè.”

Ó wọlé, ó mú un jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Yẹ̀pẹ̀ oko ti wọ ààrin bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ti yí padà sínú oko rẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀. Èmi sunkún láti Wásinmi dé ìta Abẹ́òkúta, mo ń bínú sí wọn, mo ń rò ó pé àwọn náà ti gbè sẹ́yìn Dádì. Ìyá Ìjemọ̀ sùn, wọ́n hanrun.

Ní Sátidé, Wàsíù gun àkàbà, ó tẹ ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ títí iná kékeré ara rẹ̀ fi kú. Ó ní, “Ó ti gbàgbé gbogbo yín.” Dádì gbé tiwọn sílẹ̀, Mọ́mì gbé tiwọn sílẹ̀, èmi gbé tèmi sílẹ̀. Ìyá Ìjemọ̀ bọ́ tiwọn kúrò lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ki ọwọ́ bọ tòbí, wọ́n yọ òmíràn, tí yẹ̀pẹ̀ Wásinmi ṣì wà lára rẹ̀.

“Ti Akínkúnmi rèé, Wàsíù. Òun ni kí o kọ́kọ́ fi hàn án.”

“Màámi,” ni Dádì wí.

“Wálé.”

“Màámi, mo ti sọ pé kí ẹ má dá sí i.”

“Mi ò dá sí i. Bí ẹ̀rọ kò bá ní mọ tirẹ̀, kó má mọ tèmi náà, màá padà sí Ìjemọ̀.” Ohùn wọn ò ròkè rárá. “Nígbà tí o fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tí o gba Èkó lọ láìdágbére fún bàbá rẹ, o rántí?”

“Mo rántí, Màámi.”

“Bàbá rẹ wá bá mi ní Láfẹ́nwá. Ó ní kí n fún òun ní àgádágodo tuntun, pé kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ ò gbọdọ̀ ṣí ilé òun mọ́. Mo sọ fún un pé ó ti tán.”

Dádì ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Mo rí i lójú wọn. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ń wo ìyá wọn, ojú wọn sì dà bí ojú ọmọ kékeré. Nígbà tó yá, wọ́n mi orí sí Wàsíù. Wàsíù fi rìmóòtù Akin han ẹ̀rọ, iná kékeré náà tàn. Ìyá Ìjemọ̀ gbà á, wọ́n sì fi í lé Dádì lọ́wọ́.

“Ìwọ lo máa gbé e lọ fún un.”

Dádì jù ú sínú ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì wà. Ìyá Ìjemọ̀ ò bá wọn jà mọ́. Wọ́n kàn fi kún àdúrà òwúrọ̀ ni. “Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ìwọ àti ẹni tí nǹkan rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ.” Láràárọ̀ ni. Dádì á ṣe àmín, ohùn wọn á sì máa kéré sí i. Sátidé kan dé tí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde láìsọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò sì padà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà tí a ń ṣọ̀fọ̀ ni Akin tó sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní Dádì dúró lórí poro oko pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì wọn, wọ́n na rìmóòtù náà sí òun, wọ́n ní, “Màmá ní kí n gbé e fún ọ.” Wọ́n yí padà bí ẹni tó fẹ́ lọ. Wọ́n tún padà wá. Wọ́n ní, “Èmi náà ní kí n gbé e fún ọ.” Wọ́n wá bi í bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ti gbó.

Ìyá Ìjemọ̀, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun fún ariwo yín, ẹ ṣeun fún àdúrà òwúrọ̀, ẹ ṣeun fún gbogbo ọjà tí ẹ kọ̀ láti tà. Kí ibi tí ẹ lọ tù yín lára. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ dúró síta níbẹ̀.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Dádì lọ sí Wásinmi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Gbogbo wa wà nínú gáréèjì, Ìyá Ìjemọ̀ wà lórí àpótí wọn, mò ń bá wọn bọ́ bàtà. A gbọ́ họ́ọ̀nù lóde. A mọ họ́ọ̀nù náà, ti ọkọ̀ Akin ni. Mọ́mì fò dìde, mo na ọwọ́ sí rìmóòtù mi.

“Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i,” ni Ìyá Ìjemọ̀ wí.

Ẹnu yà wá. Àwọn tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé! Akin tún tẹ họ́ọ̀nù, ó rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Dádì ò lè mú un mọ́ra, wọ́n ti fi ọwọ́ kan tiwọn nínú àpò. Ìyá Ìjemọ̀ di ọwọ́ náà mú.

“Àlejò là á ṣílẹ̀kùn fún, Wálé. Tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

A dúró. Ó pẹ́ lójú mi. Lóde, ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó tún pa á dé, a wá gbọ́ tí ẹ̀rọ òkè àjà gbéra. A kọ́kọ́ rí bàtà oko rẹ̀, a rí ṣòkòtò rẹ̀, a rí rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, a wá rí ojú rẹ̀. Akin dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, àárín ẹnu ọ̀nà gan-an, kò sì fẹ́ dìde.

Dádì sáré lọ bá a, wọ́n di apá rẹ̀ mú.

“Dìde, ọmọ mi, wọlé,” ni wọ́n wí. “Wọlé kó tó padé mọ́ ọ.”